Epo Pupa Lórí Ahọ́n Atọ́jòwò

"Ìbídùn! Má fọwọ́ kàn án o! Mo ní má tíì fọwọ́ kàn án!"

Kọ́láríndé apẹja ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ó ti gun òpó ilé rẹ̀ dé ìdajì, ó rọ̀ mọ́ ọn bí ọ̀bọ. Ó fi epo pupa kun ihò imú, ó fi kun ètè, ó fi kun etí méjèèjì, ojú rẹ̀ wá ń dán bí àkàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò lórí iná. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń pariwo mọ́ kò gbé ọwọ́ rárá. Ìbídùn kàn dúró nídìí òpó Agbòjò, ẹ̀rọ tó ń gba omi òjò fún ìlú, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ń wo ọ̀run.

Ọ̀run náà sì tó wò. Òjò ń bọ̀ láti òpin òkun. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, àárín rẹ̀ pupa rúsúrúsú, orí rẹ̀ funfun, ó sì ga débi pé ẹni tó bá fẹ́ rí i dé òkè, fìlà rẹ̀ á jábọ́. Kò sáré. Ó ń rìn bọ̀ lórí omi bí ọba tó mọ̀ pé wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ láìsí òun. Mànàmáná ń kọ yẹ̀rì nínú rẹ̀ láìdún, àfi bí ẹni pé ẹnì kan gbé àtùpà wọ yàrá tó tóbi ju ayé lọ, tó ń wá nǹkan tó sọnù. Àwọn ewúrẹ́ pàápàá dákẹ́. Ìlú Àgọ́-Ìgbì, níbi tí ọkọ ti máa ń pariwo kí ìyàwó tó gbọ́ pé oúnjẹ dùn, pa lọ́lọ́.

"Ó mà tóbi o," ni Kọ́láríndé sọ lórí òpó, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ó mà tún rẹwà. Ikú lè rẹwà báyìí?"

"Sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀," ni Ìbídùn dá a lóhùn. "Bí o bá já bọ́, epo yẹn ò ní gbà ọ́ sílẹ̀. Ṣe ló máa jẹ́ kí o tètè dé ìsàlẹ̀."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n tún wo ọ̀run.

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ni wọ́n ti ń retí òjò yìí. Omi òkun yí wọn ká, ó wà lábẹ́ ilé wọn, ó ń gbá òpó ilé wọn tọ̀sán tòru, ṣùgbọ́n iyọ̀ ni, kò ṣeé mu. Omi tí wọ́n ń mu, òkè ló ti ń wá. Ní báyìí, òkè ọ̀hún ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n. Ní òdìkejì òkun, ní orílẹ̀-èdè kan tí ọ̀pọ̀ wọn ò lè pe orúkọ rẹ̀ dáadáa, ilé iná átọ́míìkì kan ti là sí méjì. Àwọn ẹyẹ irin tó ń gbé ìròyìn ti ń fò gba etíkun kọjá láti ìgbà náà, wọ́n ń ké pé eérú ti gòkè, pé eérú ń rìn, pé eérú kò mọ ẹnubodè. Àgọ́-Ìgbì sọ ọ́ ní Eérú Òkèèrè. Ojú kì í rí i. Imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹni tó bá sì mu ún á máa lọ sóko, á máa bọ̀ lódò, á tiẹ̀ tún gbé ìyàwó sí i, kó tó wá pa á.

Gbogbo ọmọ Yorùbá ló sì mọ ohun tí wọ́n ń fún ẹni tó bá gbé májèlé jẹ. Kò sẹ́ni tó dúró gba ìmọ̀ràn. Wọ́n mu epo. Wọ́n fi para. Wọ́n fi pa ewúrẹ́ lára, wọ́n fi kun férémù fèrèsé. Baálẹ̀ Olúmúyìn, àgbàlagbà tó ń ṣàkóso ìlú, da tirẹ̀ sínú bàtà, ó ní ẹsẹ̀ ni òun fi ń tẹ ilẹ̀, òun ò sì mọ ibi tí eérú máa gbà wọlé. Nígbà tó bá ń rìn, ẹ ó máa gbọ́ ọ: ṣọ̀ọ̀, ṣọ̀ọ̀, ṣọ̀ọ̀.

Ṣọ̀ọ̀, ṣọ̀ọ̀, ó dé ẹ̀gbẹ́ Ìbídùn.

"Ọlọ́wọ́," ni ó wí, nítorí orúkọ oyè rẹ̀ nìyẹn, Ọlọ́wọ́ Agbòjò. Nínú gbogbo àtẹ́lẹwọ́ tó wà ní ìlú, tirẹ̀ nìkan ni òpó yẹn mọ̀. Bó bá fi lé e, Agbòjò á ṣí. Bí kò bá fi lé e, gbogbo ayé ìbáà dọ̀bálẹ̀, kò ní mira. "Táńkì ńkọ́?"

"Ìka kan ló kù kó kan àmì pupa, Baálẹ̀."

Àwọn méjèèjì kò fẹ́ wo èbúté, ṣùgbọ́n ojú wọn lọ síbẹ̀. Ọkọ̀ Ìtúká ti gúnlẹ̀ láti àárọ̀, ó ga ju ilé èyíkéyìí lọ, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọjọ́ tí kò sí oòrùn. Kò ní atukọ̀. Kò ní etí tó ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ó ti na àtẹ̀gùn rẹ̀ kalẹ̀, ó sì ti kọ orúkọ ìdílé kọ̀ọ̀kan sára ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ìdílé kan sí òkè yìí, ìdílé kan sí òkè tọ̀hún. Bí oòrùn bá wọ̀ tí omi ìlú kan kò ga ju àmì pupa lọ, òfin ní kí wọ́n tú u ká. Wọ́n ti tú Ìta-Ẹlẹ́ja ká lọ́dún tó kọjá. Ẹ béèrè ẹni tó ń jẹ́ ọmọ Ìta-Ẹlẹ́ja lónìí.

"Ó ti kan Atọ́jòwò!" ni Kọ́láríndé kígbe. "Òjò ti kan Atọ́jòwò!"

Atọ́jòwò ni ẹ̀rọ tó ń bá ìlú tọ́ òjò wò. Apá irin gígùn kan ló nà jáde lórí òkun jìnnà réré, orí apá náà sì ni ahọ́n rẹ̀ wà, gíláàsì fífẹ̀ bí ẹní, tó ń pàdé òjò lọ́nà kó tó dé ilé. Ohùn rẹ̀ ń jáde láti inú gbogbo òpó ìlú. Òfin kò gbà á láyè láti pàṣẹ fún ọmọ ènìyàn. Tirẹ̀ ni kó sọ ohun tó tọ́ wò, ti Ọlọ́wọ́ ni kó pinnu. Àwọn àgbà ìlú ló sì kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

"Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin bàbá wa," ni gbogbo òpó wí lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin ìyá wa. Ẹ kú ìdúró. Ẹ kú ooru. Ẹ kú òùngbẹ. Ìyá Pọ́nlé, ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́? Baálẹ̀, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́..."

"Ta ló kọ́ nǹkan yìí ní ọmọlúàbí?" ni Kọ́láríndé ń ké, ó ti ń yọ̀ bọ̀ láti orí òpó. "Ẹ lọ mú onítọ̀hún wá! Àwọn ọmọ wà dáadáa! Òjò! Ọ̀rọ̀ òjò ni ká gbọ́!"

"Mo ti tọ́ ọ wò," ni Atọ́jòwò wí. "Mi ò bá nǹkan kan nínú rẹ̀. Kò sí eérú. Kò sí ohunkóhun rárá."

Háà! Ẹ ò rí ìlú! Àwọn tó ti di ẹrù palẹ̀ gbé e sọ sókè. Kọ́láríndé dì mọ́ ewúrẹ́, ewúrẹ́ yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dì mọ́ ìyàwó ẹlòmíì, ìyẹn náà yọ̀ bọ́. Baálẹ̀ Olúmúyìn fò sókè nínú bàtà tó kún fún epo, kò sì balẹ̀ síbi tó ti fò. Ìdí rẹ̀ ló fi dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń na ọwọ́ sókè pé kò sí ohun tó ṣe òun.

"Ṣí i! Ṣí i! Ìbídùn, ṣí i!"

Ìbídùn ti gbé ọwọ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ kan òpó, ó ti ń gbọ́ bí irin ṣe ń gbọ̀n nínú lọ́hùn-ún, bí ajá tó gbóòórùn olówó rẹ̀. Ọwọ́ náà kàn dúró ni.

"Atọ́jòwò," ni ó pè é. "Kò sí ohunkóhun rárá, àbí?"

"Kò sí, Ọlọ́wọ́."

"Iyọ̀ òkun ńkọ́?"

"Kò sí."

"Iyanrìn aṣálẹ̀?"

"Kò sí, Ọlọ́wọ́. Ó mọ́ ju omijé lọ."

Láti ìgbà tí Ìbídùn ti gba oyè yìí, òjò kan ò tíì rọ̀ lórí òkun yẹn tí kò ní iyọ̀ díẹ̀ lẹ́nu. Òjò tí kò ní nǹkan kan nínú, kò tíì kan ahọ́n ẹnikẹ́ni. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọ tó ń ṣàìsàn sọ̀rọ̀.

"Jọ̀ọ́, báwo ni òjò náà ṣe ń ṣe lára rẹ?"

"Ó ń yọ̀ lọ ni. Ó ń kàn mí, ó ń yọ̀ lọ. Ó tù mí lára gan-an."

Ìbídùn yí padà. Ó wo àwọn èèyàn lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ta ló débi Atọ́jòwò?"

Obìnrin arúgbó kúkúrú kan wúkọ́ láàárín èrò. Ìyá rẹ̀ ni, ìyá tó bí i lọ́mọ.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn o," ni Ìyá Ìbídùn wí.

"Màámi, kí lẹ ṣe?"

"Mo ní má wò mí bẹ́ẹ̀. Ojú ò ti ẹ̀yin náà? Gbogbo yín fi epo pa ẹnu, ẹ fi pa ewúrẹ́ lẹ́nu, ẹ wá rán ọmọ ọlọ́mọ lọ síta kó lọ fi ahọ́n gbígbẹ tọ́ májèlé wò fún yín! Ta ni òun bí? Ta ló máa sunkún rẹ̀? Àràárọ̀ ló ń kí mi. Ó ń béèrè orúnkún mi. Ìwọ tí mo fi oṣù mẹ́sàn-án gbé kiri, ìgbà wo lo béèrè orúnkún mi gbẹ̀yìn?"

"Ẹ fi epo pa á lára."

"Epo tó dára ni! Mi ò fi àdàlú pa á. Mo gba orí apá irin yẹn lọ, mo rá, mo rá, mo dé ibẹ̀, mo fi pa ahọ́n rẹ̀ dáadáa, mo tún súre fún un."

"Ẹ ṣeun, Ìyá," ni gbogbo òpó ìlú wí. "Ó wọ̀ mí lára."

Ẹ̀rín gbé Kọ́láríndé. Ó rín in títí, ó di ìdí mú, lẹ́yìn náà ni ohun tó ń rín wá yé e, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu. Gbogbo ìlú ló yé lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó ń ṣọ́ wọn kò rí nǹkan kan rárá lọ́jọ́ náà. Epo ti bò ó lójú, bí ó ti bo gbogbo wọn.

Ìgbà yẹn gan-an ni òjò náà dé.

Kò rọ̀ bí òjò. Ó wó bí ògiri. Òrùlé gíláàsì tó bo gbàgede ìlú dún gbàràgàdà, gbogbo wọn sáré sábẹ́ rẹ̀, ìyá ń fa ọmọ, ọmọ ń fa ewúrẹ́. Omi bo ọ̀tún, ó bo òsì. Wọn ò rí òkun mọ́, wọn ò rí Ọkọ̀ Ìtúká mọ́, àfi funfun yìí tó ń já wálẹ̀ láti ibi tí ẹnì kan ò dé rí. Omi dídùn ni o! Omi tó lè kún táńkì wọn lọ́nà mẹ́wàá ń ṣàn kọjá níwájú wọn, ó ń lọ bọ́ sínú iyọ̀. Ètè wọn ti là. Àwọn ọmọdé na ọwọ́ síta, Ìyá Ìbídùn ń gbá ọwọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pá, pá, pá.

"Òfin Àkọ́mu!" ni Baálẹ̀ kígbe kí wọ́n lè gbọ́ ọ lórí òjò. Ó ti bọ́ bàtà. "Ẹni tó bá ṣí Agbòjò ló máa kọ́kọ́ mu! Ọlọ́wọ́, na ife síta, gba díẹ̀, mu ún lójú gbogbo wa. Bó bá mu ún tó sì dúró lẹ́sẹ̀, kí a ṣí i!"

"Mu ún! Mu ún!"

Ìbídùn mú ife. Ó na ọwọ́ síta, òjò fẹ́ já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó kún ní kíá. Ó gbé e dé ẹnu. Omi náà tutù, ó mọ́ bí ojú ọmọ tuntun. Ó mọ̀ pé bí òun bá mu ún báyìí, kò sí ohun tó máa ṣe òun. Òun á dúró. Òun á jó pàápàá. Ìlú á jó tẹ̀ lé òun, Agbòjò á ṣí, ọkọ̀ yẹn á ká àtẹ̀gùn rẹ̀ lọ sílé, wọ́n á sì máa fi omi náà wẹ ọmọ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Wọ́n á pa ìtàn òun. Ẹnu rẹ̀ ń fẹ́ omi náà débi pé eyín rẹ̀ ń gbọ̀n mọ́ etí ife.

Ó da omi náà nù síta.

"Baálẹ̀, ẹ má bínú. Eérú yìí kì í pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Inú egungun ló ń jókòó sí. Ogún ọdún ló ń jókòó. Bí mo bá mu ún tí mi ò ṣubú, kò sọ pé ó mọ́. Ó kàn sọ pé kò tíì ráyè mi ni."

"Kí la wá fẹ́ ṣe? Oòrùn ń lọ!"

"Ẹ jẹ́ ká fọ ẹnu ọmọ náà."

Ó tẹ irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, apá gígùn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọlé, ó rọra gbé ahọ́n rẹ̀ wá sábẹ́ òrùlé bí erin tó na ọwọ́ ìjà rẹ̀ fún ọmọdé. Ọ̀pọ̀ wọn ò tíì rí i nítòsí rí. Wọ́n sún sẹ́yìn. Epo dì lórí rẹ̀, ó pọ́n, ó nípọn.

"Ọṣẹ dúdú wà," ni Ìbídùn wí. "Kànìnkànìn wà. Ṣùgbọ́n omi dídùn ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí iyọ̀ bá kàn án, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. N ò sì lè bù nínú táńkì, ẹ mọ ibi tí àmì pupa wà."

Ní Àgọ́-Ìgbì, olúkúlùkù ló ń gbé ìgò kékeré kọ́rùn, omi òòjọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹnì kan kì í sì í fọwọ́ kan ìgò ẹnìkejì, ọkọ kì í ṣe é fún ìyàwó. Ọwọ́ gbogbo wọn lọ sí ọrùn wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n dì í mú.

Ìyá Ìbídùn ló kọ́kọ́ ṣí tirẹ̀. Ó wò ó, ó pòṣé, ó dà á sórí gíláàsì. "Epo mi ni," ló wí. "Ẹ fún mi ní ọṣẹ."

Kọ́láríndé rọ́ wá síwájú. "Kí n tó dà á, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo ti ń tọ́jú tèmi láti àná. Mi ò mu ju ẹ̀kún ẹnu kan lọ. Mo ń dákẹ́ ni. Èmi! Mo dákẹ́ nítorí omi!" Ó dà á. Ojú rẹ̀ ń tẹ̀ lé omi náà bó ti ń lọ.

Wọ́n ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dà á. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ. Ìyá àti ọmọ kúnlẹ̀ ti ahọ́n ńlá náà, wọ́n ń fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ jòjòló, ìfóòfó ọṣẹ bò wọ́n dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ẹ rọra o, Ìyá," ni Atọ́jòwò wí. "Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ yẹn ń pa mí lẹ́rìn-ín."

"Dákẹ́. Yanu gbàgà."

Nígbà tí gíláàsì náà ti ń han gedegbe, Ìbídùn tẹ irin, apá náà tún nà jáde sínú òjò, ó lọ, ó lọ, òjò gbé e mì. Gbogbo wọn dúró. Ìgò òfìfo ń mì lọ́rùn wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bàbá..." ni àwọn òpó bẹ̀rẹ̀.

Ó sì dánu dúró. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀ ní ìlú náà, kò tíì dá ìkíni kan sí méjì rí.

"Má ṣí i," ni Atọ́jòwò wí.

Kò pè é ní Ọlọ́wọ́. Kò fi ọ̀wọ̀ sí i. Ẹ̀rọ tí òfin kò fún ní àṣẹ, ó pàṣẹ.

"Má ṣí i. Eérú ni. Ó pọ̀ jù. Má ṣí i."

Baálẹ̀ Olúmúyìn rọra jókòó sílẹ̀. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹrù rẹ̀ dì. Láti inú funfun òjò, wọ́n gbọ́ fèrè Ọkọ̀ Ìtúká, ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó gùn, kò bínú, kò ṣàánú. Ìbídùn ká ọwọ́ méjèèjì sí abẹ́ abíyá, kí ọwọ́ náà má baà lọ ṣe tinú rẹ̀.

Òjò ń rọ̀. Wọ́n ń wò ó. Kí ni wọ́n tún lè ṣe?

"Ó dín," ni Atọ́jòwò wí nígbà tó pẹ́.

"Kí ló dín?"

"Eérú náà. Ó dín díẹ̀. Ó ṣì kọjá òfin, Ọlọ́wọ́, ẹ má gbé ọwọ́. Ṣùgbọ́n ó dín."

Ìbídùn gbé ojú sókè sí òrùlé gíláàsì. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, omi tó ń ṣàn níbẹ̀ pọ́n, ó gbé eruku ọ̀gbẹlẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹyẹ lọ. Ní báyìí ó ti ń mọ́. Ó wá rí ara rẹ̀ ní ọmọdé tó ń sáré gbé báàkẹ́ẹ̀tì sídìí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ bí òjò bá ti kán, ó sì gbọ́ ìkúùkù ìyá rẹ̀ lórí: Jẹ́ kó fọ páànù ná! Ilé wo ni wọn kì í ti í sọ ọ́? Ta ló ń gbe omi kí òjò tó fọ páànù?

"Ó ń fọ páànù," ló wí.

"Páànù wo?" ni Kọ́láríndé béèrè. "Gíláàsì nìyí."

Ìbídùn fi ìka tọ́ka sókè, kọjá gíláàsì, kọjá òpó, sínú ibi tí òjò ti ń wá.

Gbogbo wọn gbé ojú sókè. Wọ́n wá rí i. Kì í ṣe òjò ló ń gbé ikú bọ̀ wá bá wọn. Ojú ọ̀run ló ń fọ̀. Iná àwọn èèyàn kan tí wọn ò mọ̀ ti ba òrùlé gbogbo ayé jẹ́, omi yìí sì ń fọ̀ ọ́ láti òkun dé òkun, ó ń ha á, ó ń ṣan án, láìbéèrè ẹni tó kó ìdọ̀tí bá a. Mànàmáná là á já láti ìsàlẹ̀ dé òkè, wọ́n rí i bí ó ti ga tó, wọ́n rí i bí iṣẹ́ náà ti pọ̀ tó. Àwọn ọkùnrin ṣí fìlà. Ìyá Ìbídùn fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni arúgbó náà kí òjò, jẹ́jẹ́.

"Inú òkun ló ń dà á sí," ni Kọ́láríndé wí. Kò ṣe yẹ̀yẹ́. "Àwọn ẹja ńkọ́?"

Ó wo omi títí.

Bí eérú ti ń dín ni òjò náà ń dín. Funfun náà ń fà ya, wọ́n tún rí Ọkọ̀ Ìtúká, wọ́n rí oòrùn lẹ́yìn rẹ̀, ó pọ́n, ó fẹ́ fi ìdí kan omi. Ìlú pín sí méjì. "Ṣí i, òjò ń dá!" "Má ṣí i, kò tíì sọ bẹ́ẹ̀!" Ọwọ́ Ìbídùn ti wà lójú òpó, ó fi ìwọ̀n irun kan jìnnà sí i.

"Atọ́jòwò!"

"Ó kọjá òfin síbẹ̀."

Fèrè ọkọ̀ dún.

"Atọ́jòwò, jọ̀ọ́!"

"Ó ti wọ abẹ́ òfin. Ó wọ̀ ọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé kò sí nǹkan kan, Ọlọ́wọ́. Ó kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Mi ò lè purọ́ fún àwọn tó fi omi ẹnu wọn fọ ẹnu mi."

Ìbídùn fi ọwọ́ lé e.

Irin kérora nísàlẹ̀ òkun. Lókè, Agbòjò tó ti ká jọ bí àdán tó ń sùn gbọn ara, ó na ìyẹ́ kan, ó na èkejì, ó ń fẹ̀, ó ń fẹ̀, ó bo ilé, ó bo èbúté, ó yí kòtò inú rẹ̀ sókè bí àtẹ́lẹwọ́ tí ìlú kan tẹ́ síwájú ọ̀run. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ là á kọjá, gbogbo wọn wá wà nínú ìmọ́lẹ̀ pupa. Òjò tó kù sì wọ inú rẹ̀, ó kóra jọ, ó sọ̀kalẹ̀ nínú òpó, wọ́n gbé etí ti òpó náà, wọ́n ń gbọ́ ọ: ó ń kọrin lọ.

Ìka kan. Ìka méjì. Àmì pupa rì.

Ní èbúté, Ọkọ̀ Ìtúká ká àtẹ̀gùn rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó ń lọ.

Wọn ò tíì yọ̀ tán nígbà tí omi àkọ́mu kún ìkòkò ńlá tó wà ní gbàgede, tí omi tó bá kọ́kọ́ wọlé máa ń dà sí. Ohùn Atọ́jòwò tún jáde. "Èyí tó kọ́kọ́ wọlé yẹn ni eérú díẹ̀ tó kù wà nínú rẹ̀ jù. Èyí tó wà nínú táńkì mọ́ jù ú lọ."

Ẹnì kan kì í da omi nù ní Àgọ́-Ìgbì. Ìbídùn bu ife kan. Òfin ni. Ó gbé e sókè kí gbogbo wọn lè rí i, ó sì rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti ṣófo. Ìyá rẹ̀ ti gbà á.

"Ọdún mélòó lo ní ó ń gbà?"

"Màámi, ẹ gbé e fún mi."

"Dá mi lóhùn."

"Ogún. Nígbà mìíràn, ọgbọ̀n."

Ìyá Ìbídùn rẹ́rìn-ín títí gbogbo èrìgì rẹ̀ fi hàn. "Ọgbọ̀n ọdún! Kó máa bọ̀! Bó bá dé tó bá mi nílé, mo máa gbé àga fún un." Ó gbé ife sẹ́nu, ó mu ún láìmí, ó nu ètè. "Ó dùn."

"Ẹni tó ṣí i ló yẹ kó mu ún!" ni ẹnì kan kígbe.

"Ta ló bí ẹni tó ṣí i?" ni arúgbó náà fi dá a lóhùn. Ó yíjú sí àwọn èèyàn. "Ẹ gbé àwọn ọmọ yẹn sẹ́yìn! Gbogbo ẹni tí kò tíì darúgbó, ẹ dúró de ti táńkì. Ìkòkò yìí, tiwa ni. Ẹni tó dàgbà jù ni kó kọ́kọ́ wá."

Baálẹ̀ Olúmúyìn dìde, láìsí bàtà, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó fi ìgbọ̀nwọ́ la àárín èrò kọjá.

"Ẹ yà fún mi," ló wí. "Èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ́jọ́ orí. Gbogbo yín mọ̀."

Lórí àga rẹ̀ nígun gbàgede, Ìyá Pọ́nlé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e láti ọdún yìí wá, fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ sókè, ó sì dìde.

"Ìwọ ta ni?" ló kígbe. "Olúmúyìn! Èmi tí mo pọ̀n ọ́ sẹ́yìn? Kúrò lọ́nà!"

Ìbídùn tẹ ife bọ inú ìkòkò, ó bu omi fún Ìyá Pọ́nlé.